Àyè Bọ́tìnì Kan

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì

Wọ́n gbà mí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà kò ju ojú ewé kan lọ: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí mo lè máa wá. Wọ́n bi mí pé kí ló mú mi fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ọgbà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fẹ́ràn òdòdó. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Òdòdó ò ṣe mí ní nǹkan kan rí, ì báà ṣe rere tàbí búburú.

Pátákó kan ló mú mi lọ. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo rí i, nígbà tí ọmọ mi obìnrin fà mí lọ síbẹ̀ pé kí n lọ najú, kí n yé jókòó sílé máa wo ògiri. Lẹ́yìn ilé onígíláàsì, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, irú èyí tí kò ga kọjá orúnkún, ń yí láàárín àwọn igi kúkúrú. Ó ń gba orí afárá, ó ń ṣẹ́rí, ó ń kọjá níwájú ibùdókọ̀ kékeré tí Káfíńtà, ọkọ mi, fi èèpo igi àti èèpo èso kọ́. Ọdún méjì ló fi kọ́ ọ. Èmi ni mo ń gbá èérún igi kúrò ní pálọ̀ ní gbogbo ọdún méjèèjì. Òun náà ló to ojú irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lórí pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé IṢẸ́ ỌWỌ́ ALÁGA ẸGBẸ́ ỌKỌ̀ OJÚ IRIN.

Oṣù kẹjọ rèé tí Káfíńtà ti wà nínú ilẹ̀. Alága ò wá síbi ìsìnkú, kò ránṣẹ́, kò pè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò wá síbi ìsìnkú kò lè dá opó mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Lójú rẹ̀, Alága ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Fèrè ni. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, fèrè náà kò sì tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń fọn ún tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń fọn ún tí a bá fẹ́ sinmi, ó ń fọn ún tí ewé bá já lé irin.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa ewé kúrò lójú irin, kí n wá fi àkísà tí mo rì sínú sípíríìtì nu irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí irin bá dọ̀tí, iná kì í dé inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á dúró gbagidi bí ọmọ tó ń ṣagídí. Èmi àti Nọ́ọ̀sì ni wọ́n pín pọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ọgbà, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n láti àárọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ní ọ̀sán, Ọ̀gá Fèrè kó àwa tuntun lọ síwájú ibùdókọ̀. Ó sọ bí òun ṣe jìyà kí òun tó kọ́ ọ. Ó ní fèrèsé òkè yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun gé e kó tó bọ́ sí i, àti pé ọ̀bẹ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì gé òun ní àtàǹpàkò.

Àtàǹpàkò Káfíńtà ni ọ̀bẹ yẹn gé, èmi ni mo sì dì í. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ti dì í, mo fi àjákù aṣọ funfun dì í, Káfíńtà sì ń rẹ́rìn-ín pé kí n má rán an mọ́ ara aṣọ oníbàárà. Ọkùnrin yìí jí iṣẹ́, ó tún jí ọgbẹ́ mọ́ ọn.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Alága."

Àbámẹ́ta, 8

Orúnkún ń dùn mí. Sípíríìtì ti gbówó lórí. Mo ṣì ń bínú.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo rí bọ́tìnì mi kan lónìí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ni mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ewé jáde nígbà tó yọ jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀: bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì funfun, oníhò mẹ́rin. Inú agolo bọ́tìnì mi ló ti kúrò. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì rò pé òòyì ló kọ́ mi.

Nígbà yẹn, bí Káfíńtà bá ti fẹ́ jáde láàárọ̀, á ní, "Fún mi ní bọ́tìnì kan." Èmi á ní ta ló ń jẹ bọ́tìnì nínú ọgbà yín. Ó wá ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kan. Ó ní irin ń wú tí oòrùn bá pa á, ó sì ń súnkì tí ilẹ̀ bá tutù. Tí kò bá ní àyè, yóò wá àyè fúnra rẹ̀. Nítorí náà, láàárín irin kan àti èkejì, òun ń ki bọ́tìnì bọ̀ ọ́ kí òun tó kàn án mọ́lẹ̀, òun á wá yọ ọ́, kí gbogbo àyè náà lè dọ́gba. Ó ní, "Bí o ṣe ń fi àyè sílẹ̀ létí aṣọ náà ni." Àwọn tó bá gbàgbé síbẹ̀ ni mo ń bá a jà lé lórí.

Mo ki bọ́tìnì náà bọ àyè tó wà níwájú mi. Ó wọlé ṣinṣin. Mo rìn yí gbogbo ojú irin po, mo ń ka àwọn àyè náà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ọmọ mi pè nírọ̀lẹ́. Mo sọ ibi tí mo ti ń lọ fún un, àti ìdí tí mo fi ń lọ. Ó ní, "Màámi, ẹ fi ìjà fún Ọlọ́run jà." Mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run ti pọ̀ jù, mo fẹ́ bá a dín in kù ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí n kò lọ bá Màdámù tó jẹ́ ọ̀gá ọgbà kí n sọ fún un. Mo ní oṣù kẹfà rèé tí Màdámù dé, kò mọ Káfíńtà rí, kò sí fọ́tò, kò sí ìwé. Ọ̀rọ̀ opó ni màá fi ko ọ̀rọ̀ alága lójú. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́, níwájú àwọn èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ìpàdé. Àbámẹ́ta, 15 oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n máa ṣí apá tuntun ọgbà. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, ayàwòrán ń bọ̀, Màdámù sì máa fún Ọ̀gá Fèrè ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ibùdókọ̀ "rẹ̀". Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo pa á débi pé ó ta mí lọ́wọ́.

Wọ́n wá ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní ṣebí télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ojú kọ sí mi. Ọ̀gá Fèrè ní, "Màmá, ẹ bá wa rán an o. Tèmi kó gbayì díẹ̀."

Yóò gbayì.

Àìkú, 23

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án. Mo fi ti Ọ̀gá Fèrè ṣe ìkẹyìn. Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ó fa ikùn sínú bí ẹni ń lọ fẹ́yàwó. Mo fẹ́ gé e láìfi àyè kankan sílẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ọkọ̀ han àlejò, ẹ̀yìn á ya láti ọrùn dé ìdí. Mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ létí mi. Mo ń dá rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀rọ.

Mo gé e bẹ́ẹ̀, mo rán an bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sókè, mo wò ó. Ìránkúrán gbáà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rán aṣọ, ẹnikẹ́ni ò gbé irú rẹ̀ jáde lọ́wọ́ mi rí. Tó bá ya, wọ́n á béèrè ẹni tó rán an. Mo jù ú sínú àpò àkísà, mo gé òmíràn, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún ikùn rẹ̀ dáadáa. Láti inú agolo mi ni mo ti mú bọ́tìnì rẹ̀.

Inú bí mi sí ara mi títí mo fi lọ sùn.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Ọlọ́run kì í sùn.

Ọ̀gá Fèrè dúró ti ọkọ̀ láàárọ̀, ó ń fajú ro. Ó ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá lórí àwọn àyè yẹn, ó ń ró kó-kó, kó-kó. Ó ní àwọn àlejò á rò pé irin ti gbó ni, òun fẹ́ kó máa yọ̀ lọ láìdún. Ó pe ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, ó ní kó yọ́ òjé, kó fi dí gbogbo àyè náà, kó wá fi ayùn irin họ ọ́ dán.

Atúnrédíò wo irin, ó wo ojú ọ̀run. Ó béèrè pé ṣé ẹni tó tò ó ò ní ìdí tó fi fi àyè yìí sílẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ní, "Èmi ni mo tò ó. Kò ní ìdí kankan. Mo ń kánjú nígbà yẹn ni."

Mo wà níbẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ò bá mi dákẹ́ rárá, ṣe ló ń jó nínú mi.

Ẹtì, 7

Wọ́n ti dí gbogbo rẹ̀. Wọ́n tan ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Fèrè fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ti ṣe ìṣirò mi. Orí afárá ni ojú irin ti gùn jù láìṣẹ́rí, ibẹ̀ ni yóò ti wú sókè. Ọkọ̀ á dé ibẹ̀, á já sínú omi kékeré tó wà nísàlẹ̀, lójú àwọn àlejò. Kò sí ẹni tó máa fara pa. Ojú nìkan ló máa ti Ọ̀gá Fèrè.

Ajé, 10

Kùrukùru. Oòrùn ò yọ.

Ìṣẹ́gun, 11

Kùrukùru. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ń gbàdúrà fún òjò nítorí àwọn ọ̀gbìn tuntun. Èmi ń gbàdúrà fún oòrùn. A wà lórí orúnkún ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, a sì ń da Ọlọ́run láàmú.

Ọjọ́bọ̀, 13

Nọ́ọ̀sì bi mí nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán pé kí ló dé tí mo fi ń wo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀. Mo ní mo sá aṣọ sílé. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lójoojúmọ́?"

Ẹtì, 14

Oòrùn yọ ní aago méjì. Mo sáré lọ sí orí afárá pẹ̀lú àkísà mi. Irin ibẹ̀ ò mira. Ó dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń dán.

Mo bá ń tẹ̀ lé e lọ, mo ń fi ọwọ́ wá ibi tó wú sí. Ibi ìṣẹ́rí ni mo ti rí i, iwájú ibùdókọ̀ gan-an. Irin tó wà lóde ti tẹ̀ síta bí ètè ọmọ tó fẹ́ sunkún. Kò tíì tó ìbú ìka kan, ṣùgbọ́n oòrùn wákàtí kan péré nìyẹn. Kò sí ohun kankan láàárín irin yẹn àti ògiri ibùdókọ̀ ju ibi tí èèyàn lè gbé ife omi kan sí lọ. Ẹ́ńjìnnì yẹn, bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Àgbàlagbà méjì ló ń gbé e. Tó bá yẹ̀, ara ògiri yẹn ló máa wó lù.

Nígbà tó di aago márùn-ún, ilẹ̀ tutù, irin ti padà sáyè rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i.

Èmi tí mo mọ̀ nípa aṣọ ni mo ń ṣe ìṣirò irin. Ibi ìṣẹ́rí ni aṣọ pàápàá ti ń fà, ibi abíyá, ibi ọrùn. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò ronú kàn án.

Mo lè sọ fún Ọ̀gá Fèrè lọ́la kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Á ní kí wọ́n pa ọkọ̀ tì, á gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, á lọ sílé. Tàbí kí n dákẹ́, kí ó tẹ́, kí ibùdókọ̀ sì wó. Mo jókòó sórí àga Káfíńtà, mo bi í léèrè. Mi ò lè jẹun. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn dé eegun.

Àbámẹ́ta, 15

Ọwọ́ méjèèjì ń jó mi, mi ò lè di bírò mú. Ó di ọ̀la.

Àìkú, 16

Àná, kò sí kùrukùru kankan. Láti aago mẹ́jọ ni oòrùn ti mú.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ara mi lẹ́yìn ọ̀la. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ dúró síbi tí wọ́n yàn fún mi, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, àkísà wà ní èjìká mi. Mo sì ní nínú mi pé jẹ́ kó wó. Òkú ò nílò ilé.

Nǹkan bí aago méjìlá ni Màdámù parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àlejò tó ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá Fèrè fọn fèrè, ọkọ̀ gbéra. Ó yí lẹ́ẹ̀kan láìsí wàhálà. Nígbà tó yí lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ dún kíìn níbi ìṣẹ́rí, ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Mo wolẹ̀. Irin ti tẹ̀ síta ju ti àná lọ, ó ti fẹ́ kan àtẹ̀gùn.

Mo rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lórí afárá. Mo gbójú sókè wo ibùdókọ̀, ojú mi sì bọ́ sórí fèrèsé òkè tí Káfíńtà gé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò ọjọ́ yẹn ṣì wà lára igi, ó ti dúdú, èèyàn á rò pé àbàwọ́n lásán ni.

Mi ò rántí pé mo pinnu nǹkan kan. Mo tẹ òdòdó mọ́lẹ̀, mo bọ́ sójú irin, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń bọ̀, mo gbé e kúrò nílẹ̀. Èmi nìkan. Ó gbóná bí irin ìlọṣọ. Àwọn ọkọ̀ tó ń fà ṣubú sínú òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá Fèrè fọn fèrè bí ẹni rí olè. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ mi. "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ wo irin yín, Alága."

Màdámù ti dé, ayàwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin tó tẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe é. Mo ní oòrùn ni. Mo ní irin ń wú, ẹni tó tò ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi àyè bọ́tìnì kan sílẹ̀ ní ibi mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi òjé dí gbogbo rẹ̀.

Màdámù yíjú sí Ọ̀gá Fèrè. Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Alága, ṣebí ẹ̀yin lẹ tò ó? Kí ló dé tẹ́ ẹ wá dí àyè tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín fi sílẹ̀?"

Ó la ẹnu. Ó wo irin, ó wo fèrè ọwọ́ rẹ̀, ó wo èmi. Láti oṣù kejì ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ lọ́jọ́ yìí, mo tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún dígí. Mi ò nílò ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ń retí èsì, kò sì ní èsì.

Màdámù wá bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní, "Ẹni tó kọ́ ibùdókọ̀ yìí ni. Ọkọ mi. Ó ti kú."

Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀. "Òótọ́ ni. Káfíńtà ni. Gbogbo wa la rí i tó ń kọ́ ọ. A kàn dákẹ́ ni."

Mo wò ó. Èmi àti òun máa yanjú ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti eléyìí ò tó ọdún kan.

Wọn ò fún Ọ̀gá Fèrè ní àmì ẹ̀yẹ. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó wá bá mi níbi tí Nọ́ọ̀sì ti ń fi òróró pa mí lọ́wọ́. Ó ní, "Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá béèrè ẹ̀ mọ́ ni." Ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Inú mi dùn débi pé mo jẹun méjì lálẹ́.

Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo gan-an ni mo ti mọ̀ pé irin máa wú. Èmi náà ò sọ.

Ìṣẹ́gun, 18

Wọ́n ti yọ pátákó. Akọ̀wé pátákó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Màdámù ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ Káfíńtà sí ìwé kó má baà ṣì í kọ. Ó tún bi mí pé kí ni wọ́n máa ṣe sí Alága, ṣé kó lọ ni. Mo ní rárá o. Ta ló máa wá ṣí àyè mẹ́rìnlélọ́gọ́ta?

Nítorí náà, aago méje àárọ̀ yìí ló ti wà lórí orúnkún pẹ̀lú ayùn irin. Kò sí fèrè lọ́rùn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ló wọ̀ wá, n kò mọ̀ bóyá ó fi ń bẹ̀ mí ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ náà kò fà lẹ́yìn rárá. Mo dúró lé e lórí. Ó gé òjé àkọ́kọ́ kúrò, ó béèrè pé báwo lòun á ṣe mọ̀ tó bá ti tó.

Mo mú sísọ́ọ̀sì kúrò nínú àpò mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gé bọ́tìnì òkè kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní kó fi wọ̀n ọ́n.

Ó ki í bọ àyè náà, kò wọlé, ó tún gé díẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí, ó ti ṣe mẹ́tàlá, ọrùn aṣọ rẹ̀ là sílẹ̀, òógùn ń kán sórí irin. A tan ọkọ̀ díẹ̀ wò. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó ró kó-kó, kó-kó. Mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí omijé.

Ó wá béèrè, láìgbójú sókè, bóyá màá bá òun rán bọ́tìnì náà padà tí iṣẹ́ bá parí.

Mo wo ojú irin títí dé ibi tó ti gba ẹ̀yìn afárá lọ. Ó ku mọ́kànléláàádọ́ta. Mo ní kó máa ṣe é lọ ná.